Ààbò Tí Mo Tú Lára Fáànù

Ilé wa,
Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ́ńjìnnì,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sán gangan.

Abẹ́rẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àárò ilé, mo sì kí ọ kú ìfaradà. Mo lérò pé ara rẹ le, pé òtútù ibi tí wọ́n gbé ọ lọ kò wọ̀ ọ́ lára jù, àti pé o ń jẹun lásìkò. Àwa náà wà níbí. Ara ìyá rẹ le, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń bá a ṣọ̀tá láràárọ̀. Tèmi náà kò burú. Oúnjẹ ń wọlé, oorun ni kò fi bẹ́ẹ̀ wá, mo sì mọ ohun tó lé e lọ.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọjọ́ Ìsinmi méjì ti kọjá báyìí tí o pè, tí mo gbé fóònù fún ìyá rẹ kí o tó kí mi tán. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ. Tí mo bá fi ẹnu sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, n óò wá ibi yà sí láàárín ọ̀nà, n óò fi àwàdà bò ó, ìwọ náà á sì bá mi bò ó, nítorí bí o ṣe rí nìyẹn. Ìwé kì í bá èèyàn rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀ rèé, mo fẹ́ kí eléyìí dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Kí n má yí ọ̀rọ̀ po. Èmi ni mo tú ààbò fáànù ọkọ̀ kékeré yẹn, o kò sì ní kí n tú u. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà mọ̀ pé o mọ̀. Oṣù márùn-ún rèé tí àwa méjèèjì ti jọ mọ̀ ọ́n tí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún ẹnì kejì. Jẹ́ kí n tò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí apá kan wà níbẹ̀ tí ìwọ alára kò mọ̀, mi ò sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì ṣáájú tèmi.

Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà dé etí adágún, mo rẹ́rìn-ín rẹ̀. Ọkọ̀ tí kò gùn ju ilẹ̀kùn yàrá lọ, tí kò ní ìjókòó, tí kò sẹ́ni tó máa wọ inú rẹ̀, tí a óò kàn dúró sí bèbè omi máa fi rìmóòtù darí. O ṣàlàyé fún mi pé ẹrẹ̀ ti kún ìsàlẹ̀ adágún tí omi ẹ̀rọ ìlú wa ti ń wá, pé iléeṣẹ́ yín fẹ́ mọ bí omi tó kù níbẹ̀ ṣe pọ̀ tó kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, àti pé ọkọ̀ ńlá kò lè dé àwọn ibi tí omi kò ju orúnkún lọ. Ọkọ̀ kékeré yìí ló máa dé ibẹ̀, tí ẹ̀rọ ìdí rẹ̀ á máa ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ omi, tí ìsàlẹ̀ á sì máa dá a lóhùn bó ṣe jìn tó. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé a kì í fi kíkéré wo nǹkan. Èmi náà ni mo sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọ lé mi lọ́wọ́ tí o kò tóbi ju ìgò omi lọ, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń wojú ara wọn, tí mo ní abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Fáànù méjì tó ń ti ọkọ̀ náà lọ síwájú nínú omi ló wà lábẹ́ ìdí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní apá mẹ́ta. Ìwọ fúnra rẹ lo ro ààbò tó wà lára wọn: àwọn ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí o tẹ̀ yí fáànù ká, tí gbogbo wọn dà sẹ́yìn bí irun tí wọ́n fi kóòmù yà, àti irin pẹlẹbẹ kan lábẹ́ wọn tí o pè ní bàtà. O ní tí omi bá tán nílẹ̀, bàtà yẹn ni kí ọkọ̀ fi tẹlẹ̀, kó má fi fáànù tẹlẹ̀. O lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá kan sí èkejì. O ní tó bá há jù, koríko omi á dí i, fáànù ò ní rí omi fà. Tó bá fẹ̀ jù, igi á wọlé. Mo dúró lẹ́yìn rẹ nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi, mò ń wò ọ́, mò ń mi orí. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyá rẹ pé fáànù tí wọ́n kó sínú irin dà bí ẹni tó ń fi ìbọ̀wọ́ jẹun. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo tún lọ sọ ọ́ fún àwọn apẹja.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún ọ rí ló kàn. Ìwọ lo bá mi wá iṣẹ́ yẹn nígbà tí ṣọ́ọ̀bù dákẹ́, tí o ní kí wọ́n gbà mí láti máa tọ́jú ọkọ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi ṣe. Ní etí omi yẹn, nígbà kan, ‘ọmọ Bàbá Ẹ́ńjìnnì’ ni wọ́n ń pè ọ́. Kí iṣẹ́ yín tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti ń pe èmi ní ‘bàbá ẹnjiníà’. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò ní èrò ibi, ìyìn ni lójú tiwọn. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń dáhùn, àmọ́ ó há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Inú mi dùn sí ọ, inú mi kò sì dùn. Méjèèjì ló jọ ń gbé inú kan náà. Bàbá tó dáa á ti lé èkejì síta. Èmi fún un ní ìjókòó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí o lọ sí olú iléeṣẹ́ yín fún ìpàdé ọjọ́ mẹ́ta, o fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún èmi àti awakọ̀ yín, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí bó ṣe ń rìn àti bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Òun ló ń di rìmóòtù mú. Èmi ni mò ń gbé ọkọ̀ sómi, tí mò ń fọ̀ ọ́, tí mò ń ṣáàjì bátìrì. O dì mí lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà, o ní, ‘Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ yìí ò gbọdọ̀ kan omi láìsí ààbò, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan.’ Mo ní, ‘Mo ti gbọ́.’ Mo sì gbọ́ lóòótọ́. Etí mi kò ní àrùn kankan.

Ní Ọjọ́rú, bátìrì àkọ́kọ́ ti kú kí aago mọ́kànlá tó lù. Ààbò yẹn ń mú kí fáànù ṣiṣẹ́ kára, ìwọ náà sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. O ní ẹni tó wọ bàtà kì í sáré tó ẹni tó wà lẹ́sẹ̀ lásán, àmọ́ òun ló ń délé láìfarapa. Àwọn apẹja mẹ́ta jókòó sórí ọkọ̀ wọn tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe, wọ́n ń wò wá. Ọ̀kan nínú wọn tí èmi àti ẹ̀ jọ dàgbà ní, ‘Ìwọ tí ọkọ̀ tí o bá fọwọ́ kàn máa ń fò lójú omi, ṣé ìgbín lo wá ń dà lọ́jọ́ ogbó?’ Wọ́n rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ náà rẹ́rìn-ín, èyí tí kò dé eyín. Bí mo ṣe mú sípánà nìyẹn.

Bóòtù mẹ́jọ ni. Mo tú wọn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo kó ààbò méjèèjì sábẹ́ igi. Jẹ́jẹ́ ní, ‘Bàbá, ṣé ẹnjiníà mọ̀ sí i?’ Mo ní, ‘Òun ló pè mí láàárọ̀ pé kí n tú u.’ Mi ò ronú kí n tó sọ ọ́. Ó jáde bí èémí. Jẹ́jẹ́ sì gbà mí gbọ́, nítorí ta ló máa rò pé bàbá á fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu.

Kí n sọ bó ṣe rí: inú mi dùn. Ọkọ̀ náà la omi bí abẹ ṣe ń la aṣọ. Àwọn apẹja dìde dúró láti wò ó, ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ sì ní, ‘Ó dáa, mo gbà, ọwọ́ rẹ ò tíì gbó.’ Nǹkan bíi wákàtí kan ni ayọ̀ náà fi wà. Wákàtí kan yẹn ni mo fi ìka ọwọ́ Jẹ́jẹ́ rà.

A darí ọkọ̀ wọ kọ̀rọ̀ tó wà ní apá òsì adágún, níbi tí omi kò ti ju itan lọ, tí oṣíbàtà bo ojú rẹ̀, tí kùkùté àwọn igi tí wọ́n gé kí wọ́n tó sé omi náà wà lábẹ́. Nítorí irú ibẹ̀ gan-an lo ṣe ṣe ààbò. A gbọ́ ìró kan, kò dún ju ìgbà tí èèyàn fi ṣíbí lu àwo lọ. Apá kan ti kán lára fáànù ọ̀tún. Ti òsì ń yí nìṣó, ọkọ̀ wá ń pòyì lójú kan, ó pòyì wọ inú àkísà àwọ̀n tí ẹnì kan ti jù nù, ó fi ká ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó dúró. Kùkùté ti lu ikùn rẹ̀, omi ti ń wọlé sára ẹ̀rọ tó ń wọn ìjìnlẹ̀.

Èmi àti Jẹ́jẹ́ rìn wọ omi. Gbogbo ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni mo máa ń sọ fún pé kí wọ́n yọ wáyà bátìrì kí ọwọ́ wọn tó kan fáànù. Mi ò yọ ọ́. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ náà kúrò níbẹ̀ kí àwọn apẹja tó yíjú sí wa. Mo ní kí Jẹ́jẹ́ gbé ìdí ọkọ̀ sókè, kó fa àwọ̀n náà le, kí èmi fi ọ̀bẹ gé e. Rìmóòtù wà lọ́rùn rẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, rìmóòtù há sáàárín àyà rẹ̀ àti ara ọkọ̀, fáànù sì yí. Kò pariwo. Ó kàn pe ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń ṣe gbogbo nǹkan, omi sì yí àwọ̀ padà láàárín oṣíbàtà. Ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e ni, ní ọwọ́ ọ̀tún. Ká ní ààbò rẹ wà níbẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ kì bá tí dé ọ̀dọ̀ fáànù.

Mo bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ mi, mo fi di ọwọ́ rẹ̀, mo pọ̀n ọ́n dé etí omi. Dókítà kò gé ìka náà, ó rán wọn, àmọ́ iṣan ti já, ó ní kò dájú pé wọ́n tún máa ká mọ́. Nígbà tí mo padà sí etí omi láti kó ẹrù, mo rí ààbò méjèèjì lábẹ́ igi. Mo gbèrò láti dè wọ́n padà kí o tó dé, kí ó lè jọ pé wọ́n wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí n ṣe é kì í ṣe ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Bóòtù mẹ́ta ló ti sọnù sínú koríko, mo wá wọn títí, mi ò rí wọn.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá yín pe gbogbo wa. Jẹ́jẹ́ ti sọ láti orí bẹ́ẹ̀dì pé ìwọ lo ní ká tú ààbò. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu mi ló sọ. Ọ̀gá yín bi ọ́. O ní, ‘Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà.’ Ó wá yíjú sí mi, ó ní, ‘Bàbá, kí lẹ gbọ́ lẹ́nu ẹnjiníà?’ Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta míì jókòó, wọ́n ti gbé bíírò lé ìwé, wọ́n ń dúró. Mo wo gíláàsì orí tábìlì, mo rí irun funfun ara mi níbẹ̀. Mo ní, ‘Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, mà.’ Irọ́ tí mo pa mọ́ ọ nìyẹn.

O wò mí. Mo retí pé kí o bínú, kí o bi mí níwájú wọn bóyá orí mi pé. O kò ṣe é. O ní, ‘Tí bàbá mi bá ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbọ́ ọ, ó lè jẹ́ pé èmi ni mi ò là á yé wọn.’ O fi ara rẹ bò mí lójú àwọn àjèjì. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìwọ náà fọwọ́ sí i, èmi sì ń wo ọwọ́ rẹ bó ṣe ń kọ orúkọ tí mo fún ọ.

Wọ́n gbé ọ kúrò lórí omi, wọ́n ní kí o lọ máa ka páìpù àti mítà ní ilé ìkẹ́rùsí tó wà lọ́nà jíjìn yẹn. Ìyá rẹ kò mọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí o pè, ó bá ọ wí gidi. Ó ní kí ló dé tí o fi rán arúgbó níṣẹ́ tí kò yé e, tí o sì fi kó bá ọmọ ọlọ́mọ. Mo jókòó sórí àga tó kọjú sí i. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ tó ń sọ pé, ‘Ẹ má bínú, Màmá.’ Mo dìde, mo lọ bu omi sínú ike tó ti kún.

Àwọn ọ̀gá yín ní ààbò rẹ kò wúlò, pé ohun tí òṣìṣẹ́ lè tú nígbàkígbà tó bá wù ú kì í ṣe ààbò, wọ́n sì jù wọ́n sẹ́yìn ọ́fíìsì. Mo lọ tọrọ wọn lọ́wọ́ ọlọ́dẹ, mo kó wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù. Má rò pé ìfẹ́ rẹ ló mú mi ṣe é. Àbùkù ni mo ń wá. Mo rò pé tí mo bá rí ibi kan tó kù díẹ̀ káàtó lára iṣẹ́ rẹ, ọkàn mi á fúyẹ́. Mo la dírọ́ọ̀mù kan sí méjì, mo pọn omi kún apá kan, mo so fáànù àlòkù mọ́ ẹnu rẹ̀, mo de ààbò rẹ sí i lára. Mo da oṣíbàtà sí i. Mo da koríko. Mo da okùn ọ̀rá, àkísà àwọ̀n, ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi da gbogbo ìdọ̀tí ayé sínú omi yẹn, tí ìyá rẹ ń bi mí bóyá ọbẹ̀ ni mò ń sè.

Ìgbà náà ni mo tó rí ìdí tí o fi da àwọn ọ̀pá yẹn sẹ́yìn. Koríko tó bá kàn wọ́n kò ríbi rọ̀ mọ́. Omi tí ń kọjá lọ ló ń tì í, á yọ̀ lọ dé ẹnu ọ̀pá, á sì já bọ́ fúnra rẹ̀. Okùn nìkan ló lẹ̀ mọ́ ọn, síbẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ fáànù. Mo fi ìtì igi gbá a nísàlẹ̀, bàtà yẹn gbà á, fáànù ń yí nìṣó bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Mo pa á, mo jókòó sórí táyà. Mo ti ń bá omi ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí ọ, mi ò sì ro irú èyí rí. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo tún fi dákẹ́, Abẹ́rẹ́. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn dáadáa. Mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ pé, mo ṣì dákẹ́.

Jẹ́jẹ́ ló la ẹnu mi. Ó ku díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tó wá kí mi lọ́sàn-án Ọjọ́ Ajé. Ó ra èso dání, ọwọ́ òsì ló fi gbé e. Ó ní òun wá dúpẹ́ pé mo pọn òun jáde nínú omi. Ó ní àwọn ìka náà kò ká, pé ìyàwó òun ló ń bá òun de bọ́tìnnì, pé òun kò lè di rìmóòtù mú bíi tàtẹ̀yìnwá. Ó wá ní, ‘Bàbá, ẹ bá mi sọ fún ẹnjiníà pé mi ò bínú sí i mọ́. Mo bínú sí i gan-an, mo tiẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa fún àwọn èèyàn. Àmọ́ mo ti dárí jì í. Kò sẹ́ni tí kì í ṣi ẹsẹ̀ gbé.’

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ló ń dárí rẹ̀ jì ọ́. Ó ń fi ọwọ́ tí mo bàjẹ́ nu ẹnu, ó ń fi inú kan sọ ọ́, ojú rẹ̀ sì mọ́. Mo ní kó jókòó kí n bá a sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti jókòó. Lóòótọ́, ó ti jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, látorí bí wọ́n ṣe ń pè mí ní bàbá ẹnjiníà dé orí gíláàsì tábìlì ọ̀gá yín. Ó wo ìka rẹ̀, ó wò mí. Ó ní, ‘Nínú mọ́tò tó gbé wa lọ sí ọsibítù, itan yín ni mo gbé orí lé.’ Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, ‘Ẹ sì mọ̀.’ Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, kò mu omi tí mo gbé fún un, ó lọ. Èso rẹ̀ wà lórí tábìlì títí ó fi rọ̀. Kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́ nínú wa.

Ìyá rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó ti gbọ́. Ká ní ó bá mi jà ni, n bá mọ ibi tí mo wà. Ó kàn ní, ‘Ọmọ yẹn ni mo bá wí bẹ́ẹ̀?’ Fún ọ̀sẹ̀ kan, kò bá mi sọ ju ‘oúnjẹ ti wà nílẹ̀’ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi là á yé ọ lórí fóònù. Ó ní o kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu òun, pé ẹnu tó tú u ni kó tún un dè.

Mo rò pé mi ò ní rí Jẹ́jẹ́ mọ́. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì ìbẹ̀wò rẹ̀, ó dé pẹ̀lú takisí. Kò kí mi. Ó ní, ‘Ẹ wọ bàtà yín.’ Títí a fi dé ọ́fíìsì yín, ojú fèrèsé ló ń wò. Ọ̀gá yín kò jẹ́ kí n la ẹnu títí wọ́n fi pe àwọn mẹ́ta ọjọ́sí wá. Ó ní, ‘Níwájú wọn lẹ ti sọ èkíní, níwájú wọn lẹ máa sọ èyí.’ Mo dúró sọ ọ́. Àga wà, mi ò lè jókòó. Nígbà tí mo parí, ó bi mí pé kí ló dé. Mo ti ro àlàyé oríṣiríṣi sílẹ̀, ti bátìrì, ti àwọn apẹja, ti ọjọ́ orí mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jáde. Mo ní, ‘Ìlara ni, mà. Mò ń jowú ọmọ mi.’ Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà gbé bíírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo ilẹ̀, bí ẹni pé òun lojú ń tì.

Ọ̀gá yín ṣí fáìlì rẹ. Ó ní, ‘Bàbá, iṣẹ́ wa ni ká wọn omi. Tẹ́nì kan bá kọ ohun tí kì í ṣe ohun tó rí, ẹlòmíì ló máa wa ọkọ̀ gúnlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ti jẹ́ kí n kọ ìwọ̀n èké síwájú orúkọ ẹni tó mọṣẹ́ jù lọ́dọ̀ mi.’ Kò gbé ohùn sókè. Ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, mo kọ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀ àtàǹpàkò, mo sì dá káàdì iṣẹ́ mi padà. Mi ò gbọdọ̀ dé etí omi yín mọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kù, mi ò fẹ́ ṣe ìlérí tí kì í ṣe tèmi. Ó ní wọ́n máa tún fáìlì rẹ kọ. Ó ní ẹlòmíì ti wà lórí àga rẹ báyìí, òun kò lè sọ ọjọ́ tí wọ́n máa dá ọ padà, àmọ́ òun á jà fún un. Ó fẹ́ kọ̀wé sí ọ; mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí tèmi kọ́kọ́ dé, ó sì gbà. Wọ́n wá kó ààbò rẹ lọ́dọ̀ mi, wọ́n ṣe bóòtù tuntun sí i, wọ́n dè é mọ́ ọkọ̀ kan. Apẹja ọ̀rẹ́ mi ló sọ fún mi pé ó wọ kọ̀rọ̀ oṣíbàtà yẹn nígbà mẹ́ta lọ́jọ́ kan, ó sì jáde fúnra rẹ̀ nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó bi mí pé ta ló ṣe é. Mo ní ọmọ mi ni. Mi ò fi ohunkóhun kún un.

Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí. Mo ti rí bí ìdáríjì ṣe máa ń dun èèyàn nígbà tó bá yá jù. Bínú sí mi bó ṣe yẹ ọ́. Tí o bá pè lọ́jọ́ Ìsinmi tí o kò béèrè mi, mi ò ní bi ìyá rẹ léèrè. Ohun kan ṣoṣo ni mo tọrọ: má bò mí mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, sọ ọ́ bó ṣe rí, kí o sì sọ pé bàbá rẹ ni.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ wálẹ̀. Kí iṣẹ́ rẹ máa jẹ́rìí fún ọ níbi tí ẹnu èèyàn bá ti kọ̀ láti jẹ́rìí. Kí omi tí o bá fẹsẹ̀ kàn máa gbà ọ́. Kí àwọn tó bá dúró tì ọ́ jẹ́ ẹni tó máa sọ òótọ́ nípa rẹ, pàápàá àwọn tó bá ní kí o máa pe àwọn ní bàbá tàbí ìyá. Àmín.

Èmi ni bàbá tó bí ọ, tó sì kó ìtìjú bá ọ,
Bàbá Ẹ́ńjìnnì.

Àfikún: Ìyá rẹ ní òun á ka lẹ́tà yìí kí n tó lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ó wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó kà á láti òkè délẹ̀. Níbi tí mo ti ń sọ ohun tí mo sọ fún ọ̀gá yín lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, ‘àṣìṣe’ ni mo kọ tẹ́lẹ̀. Ó fi ìka tẹ ibẹ̀, ó ní kí n pa á rẹ́, kí n kọ ‘irọ́’. Ìdí tí ibẹ̀ fi dọ̀tí nìyẹn.